Wáyà Máìkì Mẹ́rin fún Ọjọ́ Ìkórè

Mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ sùtánà funfun kan lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ó ju àpò kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Wáyà máìkì ìjọ wa ló wà nínú rẹ̀, mẹ́wàá, gbogbo wọn ti kú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìkórè.

"Wọ́n ní kí n bi ẹ́ bóyá o lè rí nǹkan ṣe sí i," ló wí. "Bí kì í bá ṣe pé èmi ni màá lé orin lọ́jọ́ náà, n kì bá tí wá."

Mo ní kí ó jókòó. Ó ní ìjókòó mi kò mọ́.

Mo mọ iṣẹ́ náà nítorí pé ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ mi ń tún rédíò ṣe ní Orè. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń di òjé tó fi ń lẹ wáyà mú fún un. Nígbà tí ọmọ kò dé, ó kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Ó gbàgbé irin tó fi ń yọ́ òjé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì padà wá mú un. Mo gbé irin náà wá sí Odigbó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Mo tú orí àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí irin tí a fi ń ki wáyà bọ máìkì ní eyín mẹ́ta nínú. Eyín kejì àti ẹ̀kẹta ló ń gbé ohùn. Eyín kìn-ín-ní ni a máa ń so irun bàbà mọ́, èyí tí wọ́n hun yí wáyà inú ká bí àpò kí ariwo má baà wọlé. Ìhun bàbà yẹn ti já lára mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo ní abájọ tí sípíkà wa fi ń kùn bí oyin ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. N kò ronú kọjá ibẹ̀.

Ìjọ wa kò ní agbára àtira wáyà tuntun tó ti wà pẹ̀lú orí. Mo yọ orí mẹ́jọ tó ṣì dára lára àwọn tó kú, mo fi ọtí kẹmíkà nù wọ́n. Mo wá gun ọ̀kadà lọ sí Orè, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ohun èlò iná lẹ́bàá títì Èkó, tó ń gé wáyà ní yáàdì yáàdì. Mo ra yáàdì mẹ́rìnlélógún, kí wáyà mẹ́rin lè jáde nínú rẹ̀, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Mo fa téèpù ìránṣọ mi yọ, mo wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀.

"Màdámù, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ jà yín lólè ni?"

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó dín ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó gé òmíràn fún mi, ó ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo fi abẹ bó awọ òde kúrò, kó má ju gígùn èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Mo lọ́ irun bàbà pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ́ òwú kó tó ki í bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo yọ́ òjé díẹ̀ sí wáyà, mo yọ́ díẹ̀ sí eyín, kí n tó pa méjèèjì pọ̀. Òjé tó bá dán ti mú. Èyí tí kò dán, tó rí bí eérú, kò mú, mo máa ń tú u ni. Tíúbù ọ̀kadà tó ti bẹ́ ni mo gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi wé ojú ibi tí mo lẹ̀. N kò ní mítà. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan àti bátìrì méjì ni mo fi ń dán an wò: bí gílóòbù bá tàn láti orí kan dé èkejì, tí mo lọ́ wáyà náà, tí mo fà á, tí iná kò ṣẹ́jú, a jẹ́ pé ó pé.

Mo ti ṣe mẹ́ta tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún dé, òun àti obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó mú wáyà kan, ó gbé e lé apá bí ọmọ ọwọ́, ó ń mì ín.

"Ẹ wo ọmọ! Ẹ wo bó ṣe jọ ìyá rẹ̀. Ó gùn gbọọrọ, kò lè sọ̀rọ̀."

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Wáyà," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ìgbà wo la máa sọ ọ́ lórúkọ?" èkejì béèrè, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Mo gba wáyà náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo ká a, mo so ó. Láti ọjọ́ yẹn ni tọmọdé tàgbà ìjọ ti ń pè mí ní Ìyá Wáyà. Ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, orúkọ ìyá àkọ́kọ́ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, a dán wọn wò nínú ilé ìjọsìn. Ohùn jáde bí ẹni pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí, kíkùn ti lọ pátápátá. Inú mi dùn. Mo gbé máìkì sẹ́nu láti kà "ení, èjì," ó sì ta mí ní ètè.

Àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ tán, sìmẹ́ńtì ṣì tutù. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ mi, nítorí a kì í wọ bàtà nínú ìjọ wa. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn sókè, ibẹ̀ náà ta mí. Mo wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó máa ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ẹnìkan ti fi ayùn gé e kúrò kó lè wọ bọ́ọ̀dù iná oníhò méjì. Ìgbà náà ló yé mi. Ó ti pẹ́ tí iná ti ń jò sára ẹ̀rọ yẹn. Àwọn wáyà àtijọ́ kò gbé e dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni torí ìhun bàbà wọn ti já. Tèmi kò já. Tèmi pé, ó sì ń gbé iná náà bọ̀ tààrà.

Mo lọ bá alàgbà tó ń bójú tó ilé ìjọsìn. "Bàbá, iná wà lára máìkì. Ẹ jẹ́ ká wá oníṣẹ́ iná tó máa ri irin mọ́lẹ̀, kó so ẹ̀rọ yìí mọ́ ọn. Ó lè pa èèyàn, sà."

Ó yíjú sí àwọn akọrin. "Ìyá Wáyà ní iná wà lára máìkì o!"

"Iná ẹ̀mí ni!"

"Kó máa jó lọ, ní orúkọ Jésù!"

Ẹ̀gbọ́n mi gba máìkì lọ́wọ́ mi. Orí kápẹ́ẹ̀tì gbígbẹ ló dúró sí. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan lára o. Ta ló rán iná sí ìwọ nìkan?"

Mo sáré lọ sílé, mo gbé rọ́bà nínípọn tí mo máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá. Mo ní kí ó dúró lé e lórí bí ó bá ń kọrin. Alàgbà wò ó.

"Kí ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà?"

"Rọ́bà ni, sà."

"O wá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ wọ bàtà síwájú pẹpẹ?"

Ó fi ẹsẹ̀ ta rọ́bà mi jáde lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn akọrin pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun kan ṣì kù tí mo lè ṣe fúnra mi. Mo lè ṣí orí wáyà kan ṣoṣo, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi máa lò, kí n gé ìhun bàbà kúrò lára eyín kìn-ín-ní. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Sípíkà á kùn díẹ̀, iná kò sì ní dé ọwọ́ rẹ̀. Abẹ wà nínú àpò mi, mo dì í mú nínú ibẹ̀. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ tí mo bí ń ta èèyàn bí àkeekèé. Mo rò ó pé bí sípíkà bá kùn lọ́jọ́ ìkórè, wọn á ní n kò mọ iṣẹ́. Mo jọ̀wọ́ abẹ, mo lọ sílé, mo jẹun, mo sì sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ ìkórè, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò kí àyè lè gba ẹrù: ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, kòkó, agbọ̀n ẹyìn. Wòlíì ìjọ wa wọ́n omi ìyàsímímọ́ yí pẹpẹ ká títí ilẹ̀ fi ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi jáde síbẹ̀ láìwọ bàtà. Ohùn rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ ẹsẹ kan, ó kọ èkejì, àwọn èèyàn dìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, ó na ọwọ́ òsì, ó di irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fi sọgbà yí pẹpẹ ká mú.

Ohùn rẹ̀ já. Ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ máìkì, orí rẹ̀ gan sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n láti ejìká dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ̀mí ti gùn ún!"

"Gbà á, ìyá, gbà á!"

Wọ́n ń lu agogo lé e lórí. Wọ́n ń jó yí i ká. Alàgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sunkún ayọ̀.

Èmi ni mo jókòó ti ẹ̀rọ. Púlọ́ọ̀gì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi là sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló dojú kọ. Mo ka ení. Mo ka èjì. Mo ka ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nígbà tí mo ka àrún, mo fà á yọ.

Ó wó lulẹ̀ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ta ló pa ẹ̀rọ?"

"Ìyá Wáyà ni! Ìlara ni! Ó ti lé ẹ̀mí lọ!"

Alàgbà gbá mi létí níbi tí mo jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà lé ẹ̀gbọ́n mi lórí pé kí ẹ̀mí padà. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mo pariwo, ariwo tí èmi fúnra mi kò mọ̀ pé mo ní, pé ẹni tó bá tún dí mi lọ́nà, màá gé e lábẹ. Abẹ sì ti wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Wọ́n yà fún mi. Ọlọ́kadà kan gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Orè, ẹ̀gbọ́n mi láàárín àwa méjèèjì, orí rẹ̀ ń gbá mi lágbọ̀n ní gbogbo kòtò. Alàgbà tẹ̀lé wa lórí ọ̀kadà mìíràn.

Nọ́ọ̀sì yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. "Iná ló gbé e?"

"Ẹ̀mí ni," Alàgbà wí.

"Ẹ̀mí ló dín ìka méjì báyìí bí àkàrà?" Nọ́ọ̀sì pòṣé, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé.

Wọ́n gé ìka méjèèjì náà. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ kò lù geere mọ́, kò sì gbọdọ̀ pariwo tàbí kọrin fún ìgbà tí òun kò lè sọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó yíjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn akọrin kó ọsàn wá kí i. Ó sọ fún wọn pé òun rí ìmọ́lẹ̀. Ó ní ó ku díẹ̀ kí òun rí ojú Rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan fa òun padà. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo sì fọ̀ ọ́ tán.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bu ògì sínú ṣíbí, mo gbé e súnmọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ti ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀.

"Mo rí ẹ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ètè ẹ ń mì. Kí lò ń kà?"