Sọ́séèjì Fún Ọ̀gá Alábẹ̀wò

Ohun tí mo ń wá lọ́dún náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí n kúrò ní Òde Mahin kí ọta ìbọn tó bá mi níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni mí. Wọ́n gbé mi lọ sétí omi láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ sísè, mi ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi láìdi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú nígbà tí ìjà àárín àwọn ará abúlé etí odò bẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀, ìbọn á máa dún lápá òkun, àwa olùkọ́ á sì máa pe orúkọ nínú rẹ́jísítà bí ẹni pé kò kàn wá. Ìdajì kíláàsì ti di ibùsùn àwọn tó sá wá láti Awoye àti àwọn abúlé ẹ̀bá òkun. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta pé kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn, ẹnì kan ṣoṣo tó sì lè fọwọ́ sí i ni ọ̀gá tó ń wá bẹ ilé ìwé wò.

Ọ̀gá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn ẹnu rẹ̀ ni. Ìjọba ti rán an lọ sí ìlú òyìnbó fún oṣù mẹ́ta rí, kò sì sí ọjọ́ tí kì í dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó wá kẹ́yìn, a se ọ̀bọ̀kún tó tó apá àgbàlagbà fún un. Ó jẹ ẹ́, ó fa orí rẹ̀ mu, ó wá mí kanlẹ̀.

"Ẹja yìí dáa o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì jẹ sọ́séèjì níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kò tíì jẹ nǹkan kan."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: tẹ́ẹ́rẹ́, ńlá, èyí tí wọ́n fi èéfín gbẹ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bó ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ, ó ní, "Mísì, mo rí lẹ́tà rẹ. Tí mo bá padà wá, a ó jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀." Mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: bí sọ́séèjì bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, á fọwọ́ sí lẹ́tà mi. Wọ́n kúkú kọ́ mi ní sọ́séèjì, ẹran gígún tí wọ́n ń kì sínú ìfun, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mo ní àlejò kan nílé nígbà náà, màmá àgbàlagbà kan tó sá wá láti Awoye. Ilé rẹ̀ ti jóná. Nǹkan méjì péré ló gbé jáde: àwọ̀n onírin tó fi ń yan ẹja, àti agolo iyọ̀ kan. Wọ́n ní kó bá mi gbé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di oṣù mẹ́rin. Ó máa ń rọ èdè Ìlàjẹ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí tèmi, ṣùgbọ́n "ọma mi" ló ń pè mí, kò sì yí ìyẹn padà.

Ẹran ni ìṣòro àkọ́kọ́, torí àwọn alápatà tó ń fi ọkọ̀ gbé e wá ti sá. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ìlú pa ewúrẹ́ kan láti fi ṣàlejò àwọn sójà tó wá ṣọ́ wa. Mo lọ tọrọ ìfun rẹ̀, wọ́n sì bu ẹ̀dọ̀, ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún mi sí i. Àwọn obìnrin ibẹ̀ wò mí tàánú-tàánú. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti gbé gààrí wá fún mi, ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan ti le fún tíṣà tó báyẹn.

A fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìfun náà títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Mo gé ọrùn ike omi ṣe àrọ tí a ó fi rọ ẹran sínú ìfun. A gún ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ewúrẹ́ pọ̀ fún oríṣi kan, ẹja yíyan fún ìkejì, edé tútù àti ata fún ìkẹta. Mo ní ká fi ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ náà ṣe ìkẹrin, torí ọ̀gá ti dárúkọ ẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú odò ti tó, ọma mi. A ò ní í sè é."

Bó ṣe ku mẹ́ta nìyẹn.

Mo da díẹ̀ nínú èyí àkọ́kọ́ sínú òróró gbígbóná bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó bẹ́: pá, pá, pá! Gbogbo àwọn tó jókòó ní àgbàlá dojú bolẹ̀, ọkùnrin kan sì ti wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì kó tó mọ̀ pé oúnjẹ ló ń yìnbọn. Màmá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìyókù wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sórí àwọ̀n rẹ̀, ó sì fi iná igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi díẹ̀díẹ̀ yan wọ́n títí di ọjọ́rọ̀.

Òun náà ló kọ́kọ́ tọ́ wọn wò. Ó jẹ ti ewúrẹ́, ó fajú ro: "Èyí ń bínú." Ó jẹ ti ẹja: "Ẹja ni. Kí ló dé tí o fi wọṣọ fún un?" Ó jẹ ti edé. Ó tún mú òmíràn.

"Èyí ò dáa," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Kí ló ṣe é, màmá?"

"Ó dùn jù. Bí ọkùnrin yẹn bá jẹ ẹ́, kò ní í jẹ́ kí o lọ. Da iyọ̀ sí i dáadáa, kí inú bí i, kó lé ọ dànù." Ó nawọ́ sí agolo rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí! Mo ní ta ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́? Màmá gbé agolo rẹ̀ padà síyàrá.

Ọ̀gá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ̀ sójà méjì. Kò béèrè àwọn tó ń sùn ní kíláàsì. Ó jẹ ti ewúrẹ́, ó mi orí. Ó jẹ ti ẹja, ó mi orí. Nígbà tó fẹnu kan ti edé, ó di ojú, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

"Ta ló ṣe èyí?"

Màmá dúró lẹ́yìn mi, ó gbé omi ìfọwọ́ dání. Ojú rẹ̀ ti pọ́n fún èéfín.

"Èmi ni, sà," ni mo wí.

Títí dòní, gbólóhùn kékeré yẹn ń dùn mí. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, bóyá màmá ni ọ̀gá ìbá máa wá kiri, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ gbé lẹ́tà wá. Mo já a lójú màmá, mo sì kà á sókè kí ayọ̀ lè kárí: "Olùkọ́ yìí wúlò púpọ̀ níbi tó wà, pàápàá lásìkò ìjà yìí. Kí wọ́n má ṣe gbé e kúrò." Nísàlẹ̀, ọ̀gá fi bírò tirẹ̀ kọ ọ́ pé, "Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, ti edé."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé màmá máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí títí mo fi nu ojú mi, òun tí kò ní ilé tí wọ́n lè gbé e padà sí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọ yàrá, ó gbé agolo iyọ̀ jáde, ó ṣí i, ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ó ku bí ìdajì," ló wí. "Ó ṣì tó."