Ọwọ́ Géèjì Tí Jẹ́ẹ́dé Yà

Bàṣírù ti kú. Bọ́ílà ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì lẹ́yìn ìlú Ìgànná ló bú gbàmù mọ́ ọn láàárọ̀ Ọjọ́rú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Erùpẹ̀ orí sàréè ò tíì gbẹ tí ilé-iṣẹ́ fi gba orí rédíò lọ, wọ́n ní olóògbé ló sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń rín in.

Bàṣírù wo ló sùn? Ṣé Bàṣírù tó ń bá lèmọ́ọ̀mù jiyàn pé ìrun àsùbáà pẹ́? Ọkùnrin tó ń rẹ́ wa jẹ nídìí ayò, tí yóò tún máa bú wa pé a ò ríran? Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sùn nítòsí rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ òun fúnra rẹ̀. Àdúgbò wa ti wá parọ́rọ́ báyìí, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nídìí bọ́ílà, ẹ lọ wo obìnrin tó ń yan gààrí. Á fọwọ́ kan gààrí inú agbada. Tó bá ti ń gbóná jù, á fa igi jáde. Tí iná bá rọ̀, á ti igi wọlé. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ níjàánu, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: wọn nǹkan, kí o tó mọ ohun tí wàá ṣe sí i. Ṣùgbọ́n omi ló ń hó nínú bọ́ílà, ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ooru omi tí wọ́n sé mọ́nú irin? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi géèjì sára bọ́ílà. Ó ní nọ́ńbà lójú, ó sì ní ọwọ́ bíi ti aago. Bí ooru bá ti ń ti irin jù, ọwọ́ á sún mọ́ ilà pupa, Bàṣírù á sì dín iná kù. Bí èèyàn bá gbàgbé, fáàfù kan wà lókè tí í ṣí fúnra rẹ̀, tí í tú ooru dànù.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí àlejò pàtàkì kan fẹ́ wá láti Ìbàdàn. Ẹ sáà mọ̀ wá. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, ọ̀dà là ń rà. A ó kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, a ó kun ìdí igi máńgòrò, èyí tó bá dúró jẹ́ẹ́ a ó kùn ún. Mánéjà, Ọ̀gbẹ́ni Caleb, pe Jẹ́ẹ́dé tó ń kọ̀wé sára lọ́rì, ó ní kó kun gbogbo nǹkan ní àwọ̀ ewé.

"Wọ́n ní gbogbo nǹkan," Jẹ́ẹ́dé sọ fún mi, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Mo kun fáàfù. Mo kun géèjì náà tojú timú. Ni mánéjà bá ní ojú géèjì ò hàn mọ́, àlejò á bèèrè, kí n dá a padà bó ṣe wà. Mo wá ya nọ́ńbà sí i, mo ya ọwọ́. Mo bi wọ́n pé ibo ni kí n gbé ọwọ́ sí, wọ́n ní ibi tó dáa."

Ibi tó dáa. Ọ̀dà lẹ fáàfù pa, àlejò wá, ó wo géèjì, ó ní àwọn yìí ń ṣe dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bọ́ílà ò lójú mọ́.

Bàṣírù sọ fún wọn. Ó sọ ọ́ títí wọ́n fi ní ó ti ń yọ àwọn lẹ́nu, pé géèjì tuntun ń bọ̀ láti Èkó. Nígbà tí mo yà kí i lẹ́nu iṣẹ́, ó tẹríba fún géèjì náà, ó ní, "Ẹ wá kí ọ̀gá mi. Iná ò mú wọn gbóná, òtútù ò mú wọn gbọ̀n." Mo bi í pé kí ló wá fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Etí ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí n má di adití."

Ní báyìí, ọmọ rẹ̀, Samsudeen, ò fẹ́ lọ síléèwé mọ́, torí wọ́n ń pè é ní ọmọ asùnpanirun. Misturat ìyàwó Bàṣírù ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. "Kí wọ́n sáà gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lórí ọkọ mi," ló ń sọ. "Rédíò tí wọ́n fi bà á jẹ́, kí wọ́n fi tún un ṣe."

Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé géèjì náà ò fọ́. Ó fò kọjá ògiri, oko iṣu Ìyápọ̀ ló bọ́ sí, Ìyápọ̀ sì gbé e fún Misturat. Mo ti rí i lórí tábìlì rẹ̀. Bọ́ílà ti fọ́ yángá, èèyàn ti kú, ọwọ́ tí Jẹ́ẹ́dé yà ṣì wà níbi tó dáa.

Bọ́ílà tuntun ti dé báyìí. Àlejò ń bọ̀ wá ṣí i, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe Jẹ́ẹ́dé. Jẹ́ẹ́dé ní òun ò lọ. Ọ̀gbẹ́ni Caleb, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ. Kẹ́ ẹ tó fi iná sí i, ẹ yà sílé Misturat, ẹ gbé géèjì yẹn dání lọ sí ilé rédíò, kẹ́ ẹ sọ fún gbogbo Òkè-Ògùn ẹni tó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá sọ fún wa ẹni tó sùn.