Bàbá Mi àti Bàbá Inú Ìwé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Làmídì, bàbá mi, ṣe lóríkunkun tó, ẹ béèrè ní Erúnmu. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Sàníù fi oko kòkó sílẹ̀, tó lọ ń ru ẹrù àwọn èrò ọkọ̀ òfuurufú ní Alákìá, bàbá mi ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀ láéláé. Wọn ò tiẹ̀ pe ìyá mi ní Ìyá Sàníù mọ́, Ìyá Rùká, orúkọ tèmi, ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyàwó Sàníù wá bí ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́. Gbogbo wa lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bàbá mi nìkan jókòó sílé, wọ́n ń hun agbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n hun.

Ọdún 1964 nìyẹn, mo wà ní ìwé kẹfà. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù, yá mi ní ìwé ìtàn kan. Lẹ́yìn ìrun alásárì, bí a bá ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú kòkó tí a sá, èmi a máa kà á sókè. Alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tó lé ọmọ rẹ̀ jáde nítorí pé ọmọ náà kọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ.

"Bàbá gidi nìyí!" ni bàbá mi wí. "Rùká, padà ka ibi tó ti lé e yẹn."

Ìyá mi pòṣé. "Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a máa ń fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Èwo ni gidi níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á débi tí alágbẹ̀dẹ ń dá oúnjẹ jẹ, tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń rò pé ọmọ òun ló dé, bàbá mi ò pariwo mọ́. "Ó wá lọ bá a, àbí kò lọ?"

Họlidé dé kí n tó kà á tán. Tíṣà gba ìwé rẹ̀, ó gba ìlú wọn lọ. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ wá ń jẹ bàbá mi lọ́kàn bí ẹni pé àbúrò wọn ni.

"Ta ló tún ti ka ìwé yẹn?"

"Sàníù ti kà á nílé ìwé, Bàbá." Òótọ́ ni o, n ò purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n di iṣu, wọ́n ní ká lọ sí Alákìá. "Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ bi í. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Nínú bọ́lẹ̀kájà, ńṣe ni mò ń fi gèlè bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Sàníù rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn ò jẹ́ kó dìde tí wọ́n fi béèrè: "Alágbẹ̀dẹ yẹn, ṣé ó lọ bá ọmọ ẹ̀?"

Sàníù gbójú sókè. "Rárá, Bàbá. Ó kú láì rí i."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, tí ìyàwó Sàníù fi sáré jáde, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Òmùgọ̀ ni alágbẹ̀dẹ yẹn!" ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé ọmọ mi fún mi."