Ọwọ́ Tó Ń Jẹ Idẹ

Ẹ ní kí ló dé tí n kì í lọ wo àwọn onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. Ó rẹ̀ mí ni. Ẹ jókòó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá sọ ọ́.

Kọ́lájọ ọkọ mi, apẹja ni níbí ní Ugbónlá. Kò lówó, kò lóyè, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá gbé fèrè idẹ sẹ́nu lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn ará Mahintẹ́dó tó ń wakọ̀ kọjá á gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Fèrè náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mẹ́rin péré ni wọ́n ní, nígbà tí ogun Hítílà sì bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òkun ò kó irú ẹ̀ wá mọ́. Ni Tíṣà Ọlábọ̀dé, olórí àwọn onífèrè, bá ṣòfin pé ẹni tó bá jẹ́ kí fèrè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọn á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti ọkọ mi ń bàjẹ́. Ibi tó ń dì mú gan-an ló ń ṣe àwọ̀ ewé, tó ń ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí olóde bá jà. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni, kì í nù ún. Àwọn kan ní ó ń gbé e lọ sódò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, nítorí èmi ni mo ń nù ún. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo Sátidé, títí ìka mi fi ń bó. Tí mo bá nù ún tán, màá fi aṣọ wé e, màá gbé e kọ́ sókè ibi tí a ti ń yan ẹja, níbi tí a máa ń kó ohun tí a ò fẹ́ kí atẹ́gùn òkun bà jẹ́ sí. Èéfín á tún mú un dúdú, èmi náà á tún fá a. Ẹ wo iṣẹ́ òfo.

Tíṣà wá ní tí Kérésìmesì bá dé tí fèrè náà ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun á gbà á. Láti ọjọ́ náà, Kọ́lájọ ò jẹun yó mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ ẹ̀. Idẹ ni. Ó ti dúdú, ó ti jẹ wọnú. Tèmi tí a jọ rà lọ́jọ́ kan náà ń dán. Odò kan náà la ń wẹ̀, ọbẹ̀ kan náà la ń jẹ. Mo bá nu tirẹ̀ dáadáa, mo fi sí àtàǹpàkò mi, mo fún un ní tèmi kó fi sí ìka kékeré. Kí oṣù tó pé, tèmi ti dúdú lọ́wọ́ ẹ̀, tirẹ̀ ń dán lọ́wọ́ mi. Àṣé òógùn ọwọ́ ọkọ mi ló ń jẹ idẹ! Wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Inú mi dùn. Mo ní mò ń lọ sọ ọ́ fún Tíṣà. Kọ́lájọ ní, “Ìyá Jọọlá, fi í sílẹ̀.” N ò gbọ́. N ò lè jẹ́ kí wọ́n máa pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ, fífá idẹ sì ti sú mi. Mo ní kí Tíṣà pààrọ̀ fèrè ọkọ mi pẹ̀lú ti Lawrence, onífèrè ẹgbẹ́ ẹ̀, tí kì í nu tirẹ̀ láéláé tó sì ń dán, kó fi dán ọ̀rọ̀ mi wò. Ó gbà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìka mẹ́rin ọkọ mi ti hàn ketekete lára fèrè Lawrence. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Lawrence ò bàjẹ́ jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ Ìsinmi, Tíṣà dìde, ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo ìjọ. Aṣọ ọdún mi ni mo wọ̀ lọ. Tíṣà wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, mo lè bá a wí kó yí padà,” ó ní. “Ọwọ́ ńkọ́? Fèrè mẹ́rin la ní.”

Bí wọ́n ṣe gba fèrè lọ́wọ́ ọkọ mi nìyẹn. Ìlù ńlá ni wọ́n fún un, pé igi ni ọ̀pá ẹ̀. Inú ọkọ̀ tí à ń wà lọ sílé ni mo ti rántí aṣọ tí mo fi ń wé fèrè náà nílé, pé ì bá máa fi dì í mú. Mo padà lọ bẹ Tíṣà lọ́jọ́ kejì. Ó ní aṣọ á mu òógùn, òógùn á sì dé ibẹ̀ náà. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi gba fèrè lọ́wọ́ ọkọ mi.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì ó lu ìlù. Nígbà tó kan àwọn onífèrè, mo rí ìka ẹ̀ mẹ́ta tó ń lọ sókè sódò lára ọ̀pá ìlù náà, bí ẹni tó ń tẹ fèrè. Nígbà tí a délé, ó bọ́ òrùka ọwọ́ ẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Ìyá Jọọlá, bá mi tọ́jú ẹ̀,” ó ní, “kí n má baà jẹ èyí náà tán.”

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ọwọ́ mi ni òrùka méjèèjì wà. Wọ́n ń dán.