Ta Ni Alágbàtọ́ Nélida?

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí Hermelinda Huarca ti ń ti géètì ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní ìlú Ayaviri. Bí aago méje bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó ti tì í nìyẹn, bí baálẹ̀ pàápàá bá ń sáré bọ̀. Màmá Linda ni àwọn ọmọ ń pè é lójú, Àgàdágodo ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n dúró nínú òtútù Ayaviri láàárọ̀ kùtù, orúkọ ìnagijẹ ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Eékún rẹ̀ ló ń bínú sí, eékún àti àtẹ̀gùn tó gùn dé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Kì í ṣe olùkọ́. Òun ló ń wo irun tí wọn ò dì àti bàtà tí wọn ò kùn, òun ló ń lu òǹtẹ̀ pupa sínú ìwé ẹni tó bá pẹ́. Tí òǹtẹ̀ bá pé mẹ́ta, ọmọ náà ò gbọdọ̀ wọlé mọ́ àfi pẹ̀lú alágbàtọ́ rẹ̀, ìyẹn àgbàlagbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló ń mójú tó o. Alágbàtọ́ á wá, á gbọ́ ẹ̀sùn, á jágbe mọ́ ọmọ náà lójú Hermelinda, á fọwọ́ síwèé, ọ̀rọ̀ á tán. Hermelinda gba ọ̀nà yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Bí ẹ bá bi í, á ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹni tó lọmọ wá gbọ́ tẹnu ọmọ rẹ̀."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ọ̀hún ò ní ilé ní ìlú. Yàrá ni wọ́n ní. Òkè réré ni bàbá àti ìyá wọn wà, nídìí àgùntàn àti alpaca, ẹran ọ̀sìn onírun gígùn, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà lókè níbẹ̀. Bí ọmọ bá ti tó ọdún méjìlá, wọ́n á háyà yàrá kan fún un ní ìlú, wọ́n á fún un ní sítóòfù kan, kúbùsù mẹ́ta, àpò pòtétò kan àti wàràkàṣì. Lọ́jọ́ Àìkú tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, bí yìnyín ò bá dí ọ̀nà. Hermelinda fúnra rẹ̀ gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ léwe, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni òun àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń ti ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Kò rántí pé ibẹ̀ dákẹ́ rí. Bóyá ohun tí kò jẹ́ kó ronú sí i nìyẹn.

Nélida Turpo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kíláàsì kẹrin ló wà. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun àti Maruja ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ ń gbé yàrá lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì, wọ́n á jọ sáré dé géètì, ẹ̀rín lẹ́nu wọn, bí èyí ṣe ń fa báàgì ti ọ̀hún. Nígbà tí Maruja jáde ìwé mẹ́wàá, ó gba Lima olú-ìlú lọ, ó lọ ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Ní oṣù kẹta tí wọ́n wọlé padà, Nélida nìkan ló dé. Ó kọ́kọ́ ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́. Ó di ogún. Ó di pé kò wá rárá lọ́jọ́ kan, ọjọ́ méjì. Olùkọ́ ìṣirò ní bí ó bá tiẹ̀ wá, ńṣe ló ń jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Òǹtẹ̀ pé mẹ́ta. Ní oṣù karùn-ún, Nélida mú àbúrò bàbá rẹ̀ wá, ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀, tí kò ní ọmọńdinrín ọwọ́ òsì.

"Ẹ dákun, Màmá," ọkùnrin náà wí, ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí. "Ọmọ yìí fẹ́ pa wá ni. Nélida! Ṣé bá a ṣe tọ́ ẹ nìyí? Ṣé kí bàbá ẹ kú sórí òkè torí tìẹ ni?"

"Ẹ bá a wí dáadáa o," Hermelinda dáhùn. "Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Èyí káwọ́ sẹ́yìn. Báwo la ṣe fẹ́ gbé e?"

"Òdodo ọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ó máa gbọ́ ọ tí etí ẹ̀ á fi di."

Nélida ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ síwèé, ó tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Inú Hermelinda dùn lọ́jọ́ náà, ó ní irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òwe tó pa kúkú dáa. Àwọn àgbà tó pa á ni kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ tí apá rẹ̀ wúwo.

Ní oṣù keje, obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, òun ló ń wo bí ọkàn àwọn ọmọ ṣe rí. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló ń pín ara rẹ̀ sí, ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́. Ó pín fọ́ọ̀mù: ṣé inú rẹ ń dùn láti wá sílé-ẹ̀kọ́? Ṣé o lẹ́ni tí o lè fọ̀rọ̀ lọ̀? Máàkì ení títí dé àrún. Gbogbo wọn ló mú àrún. Kí ló dé tí wọn ò ní mú un? Ẹnì kan ti pariwo ní ẹ̀yìn kíláàsì pé ẹni tó bá mú ení, wọ́n á ránṣẹ́ pe alágbàtọ́ rẹ̀. Nélida náà mú àrún látòkè délẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Zenón Apaza, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, lẹ èsì náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Inú gbogbo ọmọ dùn.

Ó wá di oṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́bọ̀ kan. Ọmọ kíláàsì kejì kan mú bàbá ìsàmì rẹ̀ wá torí òǹtẹ̀ mẹ́ta. Bàbá ìsàmì ṣí àkẹtẹ̀, ó jágbe mọ́ ọmọ náà, ó gba bírò láti fọwọ́ síwèé. Hermelinda wo ọwọ́ òsì tó fi di ìwé mú. Ìka mẹ́rin.

Ó ní kí ọmọ náà máa lọ sí kíláàsì. Ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe àbúrò bàbá Nélida Turpo ní oṣù karùn-ún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi ọbẹ̀. "Háà, Màmá. Ojú yín mà ríran o."

"Ta ni yín gan-an?"

"Casiano ni mí. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìdíkọ̀. Àwọn ọmọ yìí ló máa ń wá bẹ̀ mí. Mínírà kan ni wọ́n ń rà fún mi. N kì í bèèrè ju ìyẹn lọ, Ọlọ́run ń gbọ́."

"Ojú ò tì yín? Ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà! Mo ní kí wọ́n mú ẹni tó ni wọ́n wá!"

"Màmá," Casiano wí, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, "ta ni wọ́n fẹ́ mú? Ìyá wọn wà lókè. Ẹni tó ni yàrá ò mọ orúkọ wọn. Èmi ni mo kù." Ó fi àkẹtẹ̀ rẹ̀ nu itan. "Kò sì dùn mọ́ mi, kí n máa bú ọmọ tí n ò mọ̀. Nélida yẹn, látọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń kọjá. Àárọ̀ yìí ló wá bi mí pé ibo ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ti ń gbéra. Agogo kan ọ̀sán ló máa gbéra. Mo ní kó má lọ. Ó ní èmi náà ò kúkú jẹ́ àbúrò bàbá òun."

Kò sí ẹni ní Ayaviri tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọmọdébìnrin ṣe níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ìwé Hermelinda wà lórí tábìlì. Bí Nélida bá tún pa ọjọ́ kan jẹ lẹ́yìn tòní, orúkọ rẹ̀ á kúrò lórí ìwé ọdún náà. Ó ti rí iye ọjọ́ tó pa jẹ náà láti ọjọ́ Ajé, ó sì ti sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó dọwọ́ alágbàtọ́ rẹ̀.

Ìtìjú mú un débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀ nígbà tó ń jáde. Agogo mọ́kànlá ti lù. Yàrá Nélida lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì ò jìnnà, eékún ló sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn.

Ó bá Nélida lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ kóòtù ilé-ẹ̀kọ́ sábẹ́ kúbùsù. Báàgì kan tó ti dì wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

"Màmá Linda?" ọmọ náà wí. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti pẹ́ ná."

Hermelinda wá ọ̀rọ̀ tó dáa. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti ń sọ̀rọ̀ ní géètì, kò ní irú ẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó bọ́ sí i lẹ́nu ni, "O ò dirun."

Nélida rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni pé ibi ìwa-wúrà lò ń lọ?"

"Wọ́n ń wá ẹni tó máa dáná fún wọn."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa. O ò tíì gbọ́ nípa ibẹ̀ ni?"

"Mo gbọ́."

"O sì ń lọ?"

"Èèyàn wà níbẹ̀, Màmá."

Hermelinda jókòó sórí àpótí. Yàrá náà dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń wọ́ páànù lẹ́yìn ògiri.

"Kí ló dé tó ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí n sọ kí ni? Kò síbi tó ń dùn mí. Tí mo bá jí, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá ní jẹ́ n wọ bàtà. Bàtà náà rèé. N ò kàn ní lè wọ̀ ọ́. Tí mo bá wá rántí pé ẹ ti ti géètì, màá padà sùn." Ó fi kúbùsù nu imú. "Ẹ ní kí n mú alágbàtọ́ wá. Mo mú un wá. Ó bú mi, ẹ bú mi. Mo wá ra mínírà fún un."

Àánú ọmọ náà ṣe é, inú tún bí i, kò sì mọ ẹni tí inú ń bí i sí. Ó dìde, ó tan sítóòfù. Chuño wà nínú abọ́, àwọn pòtétò dúdú tí òtútù òkè ti gbẹ, ìyá Nélida ló fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ náà ò sì tíì fọwọ́ kàn án. Hermelinda rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó sè é, ó gé wàràkàṣì sí i. Iṣẹ́ kékeré ni, ó sì pẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fọn fèrè ní ìdíkọ̀, abọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nélida gbé ojú sókè. Hermelinda tún bù sí i fún un.

"N ò ṣèlérí o, Màmá," ọmọ náà wí nígbà tó yá.

"Èmi náà ò ní kó o ṣèlérí. Ṣáà wá lọ́la. Aago yòówù tó o bá lè dìde."

"Ẹ máa ṣí i?"

"Màá ṣí i."

Kò tíì bi ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti géètì lásìkò bí ìṣe rẹ̀. Kò lọ mu tíì. Aago mẹ́jọ lù. Ó di mẹ́jọ àbọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Apaza yọjú láti òkè, ó ní ṣé kí òun fa igi lé orúkọ Turpo yẹn, ọjọ́ ti pé. Hermelinda ní kó ṣe sùúrù. Ó ní sùúrù wo? Ojú ọ̀nà ló ń wò. Ẹsẹ̀ ń ro ó. Ó ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bọ́ọ̀sì mìíràn wà lónìí náà, pé abọ́ chuño kan ò lè mú ọmọ dúró sílùú.

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ nígbà tí Nélida yọ ní kọ̀rọ̀ òpópónà, ó ń rìn bí arúgbó. Ó ti di irun apá kan, apá kejì wà nílẹ̀. Hermelinda ṣí géètì.

"Màmá Hermelinda!" Ọ̀gbẹ́ni Apaza ké látòkè. "Ẹ ti géètì yẹn! Ṣé ọjà la wà ni?"

"Mo ń gbọ́ yín, sà," ó wí, kò sì tì í.

Àwọn kan wà ní kọ̀rọ̀ náà tí wọ́n rí i. Wọ́n tó méje, àwọn tó máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ títí ọ̀sán kí wọ́n tó padà sí yàrá. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n na ìwé wọn síwájú fún òǹtẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Hermelinda ò fọwọ́ kan òǹtẹ̀. Ó mú bírò.

"Ta lò ń bá gbé?" ó bi ẹni àkọ́kọ́.

"Kí ni mo ṣe, Màmá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ta lò ń bá gbé?"

"Èmi nìkan ni."

Ó kọ ọ́. Ó bi ìkejì. "Èmi nìkan ni, Màmá." Ìkẹta náà. Ìkẹrin, òun àti àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìkẹfà tó jẹ́ aláwàdà wọn ní, "Èmi àti sítóòfù mi," kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìkeje gbọn orí lásán, ó sì yé Hermelinda.

Ó jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé. Ọ̀gá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ọwọ́ Hermelinda ti ń ro ó fún orúkọ mẹ́jọ péré, ti Nélida kún un. Ó ń wo àwọn kíláàsì lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí àwọn ọmọ tí kì í pẹ́ jókòó sí, àwọn tó ń kùn bàtà, tó ń dirun, tí òun ò sì tíì bi léèrè rí pé ta ni wọ́n ń bá gbé.