Awò Tí Mo Bọ́ Níwájú Omi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe lè bí mi tó, kó wá wo ojú mi nígbà tí awò ojú yìí bá sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ohùn obìnrin kan ni, ó ń sọ Faransé bí ẹni tó fi oyin fọ ẹnu, pé bátìrì ti kún. Ta ló bi í?

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Faransé ló fi í ránṣẹ́. Gíláàsì lásán ni ojú awò náà, kò jẹ́ kí n ríran ju bí mo ṣe ń ríran lọ. Inú apá rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo ọgbọ́n wà: ó ń gba ìpè, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi létí, ó sì ń gba ohùn ẹni tó bá wà níwájú mi sílẹ̀. Fún oníròyìn rédíò tó ti ń gun ọ̀kadà láti Glei dé Anié láti ọdún gbọọrọ, mo gbà pé ó dára. Lọ́jà Anié, obìnrin oníṣu kan wò mí bí mo ṣe ń dáhùn ìpè, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ń bá jà yẹn máa lọ. Kò sí níbí." Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé mi lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Datcha. Ọ̀gá kan láti ìlú ńlá ti gbin igi tíìkì wọ inú oko ẹbí kan, ó ní ilẹ̀ tí òun rà dé etí odò. Tíràkítọ̀ rẹ̀ ti wó gbogbo pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin pèrègún náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì wà láyé, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé Atakpamé mọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ níbẹ̀ gbà pé kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń dá oko náà, bẹ̀ mí pé kí n ṣe é. Bí ohùn yẹn kò bá dé, oko lọ nìyẹn.

Ìwé kékeré mi wà nínú àpò, mi ò mú un jáde. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Mo tẹ apá awò, ohùn oníyin ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

A kí ara wa tán, ìyá ní kí wọ́n bu omi wá. Nínú ẹbí náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí nípa ilẹ̀ á kọ́kọ́ ta omi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá sì sọ lẹ́yìn omi, kò gbọdọ̀ tún un sọ. Tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ á bi í pé èwo ni irọ́ nínú méjèèjì. Wọn kì í dé fìlà níwájú omi náà, wọn kì í wọ bàtà. Mo bọ́ bàtà. Mo ṣí fìlà. Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, mo bọ́ awò pẹ̀lú, mo ká apá rẹ̀ méjèèjì, mo gbé e lé itan.

Ìyá sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Mò ń mi orí, mò ń wo eṣinṣin kan tó ń rìn létí igbá. Etí mi ń sinmi. Mo ti háyà etí mìíràn.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí n gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Mo gbọ́ ìkíni. Mo gbọ́, "Ẹ bu omi wá." Lẹ́yìn náà ni nǹkan dún kó, bí ìgbà tí eyín bá kan eyín, ó sì dákẹ́.

Mo pe ọmọ mi.

"Pàpá, tẹ́ ẹ bá ti ká a, ó ti sùn nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá."

"Ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà yẹn?"

"Ṣé ẹ ò rí awò wọ̀ kà á ni?"

Mo pa fóònù.

Inú bí mi sí ẹni tó ṣe awò náà, tí kò mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń bọ́ awò fún àgbà. Èyí tó wá bí mi jù ni pé mo jókòó láti kọ ohun tí ìyá sọ, mi ò rí ìdajì rẹ̀ rántí. Pèrègún mẹ́rin ni àbí márùn-ún? Ìdí àpáta ni àbí etí odò? Eṣinṣin yẹn ni mo rántí. Kí awò tó dé, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sórí láti Anié dé ilé, ẹyọ kan kì í jábọ́.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́. Ọmọ àbúrò ìyá kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé etí yín lẹ fẹ́ fi gbọ́. Ká ní mo mọ̀ pé awò là ń bá sọ̀rọ̀, ǹ bá ti ra ọ̀kan lọ́jà."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. "Màmá, ẹ ṣàánú mi, ẹ tún un sọ."

"Kí ilẹ̀ bi mí pé èwo ni irọ́?"

"Mo jẹ̀bi, Màmá."

"O jẹ̀bi. Jókòó. Ìwọ ni wàá sọ ọ́. Èmi ò ní la ẹnu. Níbi tó o bá ti ṣì í, mà á fi ọ̀pá kan ilẹ̀."

Mo mú ìwé àti bírò jáde. Mo ní pèrègún mẹ́rin. Ọ̀pá dún. Mo ní márùn-ún. Ọ̀pá dákẹ́. Mo ní etí odò. Ọ̀pá dún gan-an, eruku sọ. Mo ní ìdí àpáta, kí a tó dé odò. Ó dákẹ́. Oòrùn ti dé àtàrí kí a tó parí. Ìyá ń gé ètè jẹ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, ó wà lẹ́nu rẹ̀, alákọ̀wé kan sì ń fọ́ ọ níwájú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, alága ìgbìmọ̀ wo ìwé mi. "Ọ̀rọ̀ tiyín nìyí. Ohùn ìyá dà?"

Agbẹjọ́rò ọ̀gá onítíìkì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Oníròyìn wa ti di ẹlẹ́rìí."

Mo ní kí wọ́n gbé mọ́tò, ká lọ bá a. Wọ́n jiyàn títí, kí alága tó dìde.

Níwájú ìyá, a bọ́ bàtà. Agbẹjọ́rò ló bọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn. Mo ń ka ìwé mi lọ, ọ̀pá kò dún, àfi ìgbà tí mo kà pé bàbá rẹ̀ gbin pèrègún. Ọ̀pá dún. Ojú tì mí. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mò ń dà á kọ nílé ni mo gé e kúrú kó lè dùn ún kà.

"Bàbá gbẹ́ ihò," ni mo sọ. "Ọmọdébìnrin náà ló ki igi bọ̀ ọ́, tó dì í mú títí wọ́n fi kó iyẹ̀pẹ̀ sí i."

Ọ̀pá dákẹ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ fa ìlà pa tèmi, ó kọ tìyá. Ìyá tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àpáta, wọ́n bá kùkùté pèrègún méjì láàárín tíìkì, wọ́n ti ń rúwé. Ibẹ̀ ni wọ́n kan èèkàn ààlà mọ́.

Oko wà, ṣùgbọ́n ohùn ìyá kò dé orí rédíò rí, tèmi ni wọ́n gbọ́. Ìkíni yẹn ṣì wà nínú awò. Ìyá ń béèrè bóyá mo jẹun kí n tó gbéra, ó ní iṣu ń bẹ lórí iná. Mo máa ń gbọ́ ọ lórí ọ̀kadà nígbà mìíràn. Tó bá ti dé ibi tó ti dún kó, inú á tún bí mi.