Birikilà Tí Mo Ṣọ́ Nínú Ilé Olódi ní Ítálì

Lọ́dún tí mò ń bá ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan ṣiṣẹ́ ní Dubai, wọ́n ní kí n kó oníbàárà mẹ́wàá lọ wo ilé olódi àtijọ́ kan ní Ítálì. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi pé mẹ́wàá tó bá lọ, mẹ́wàá gbọ́dọ̀ padà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ Yorùbá: birikilà kan tó ń gbé ní Al Khan, ní Sharjah. A máa ń ríra ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oud Metha, ní Dubai. Birikilà, kó gba físà torí àtilọ wo òkúta? Mi ò gbà á gbọ́. Mo mọ àwọn tó gba irú físà bẹ́ẹ̀ tí wọn ò padà mọ́.

Nínú bàálù, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní ẹbí ní Ítálì?"

"Rárá o, àbúrò mi."

"Ọ̀rẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tún dá kún ìfura mi.

Orí òkè ni ilé olódi náà wà. Obìnrin tó ń mú wa yí ká sọ pé ìjòyè kan ló kọ́ ọ láti máa ṣọ́ ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó fi ihò tóóró tí wọ́n ń gbà tafà hàn wá, àti èyí tí wọ́n ń gbà da òkúta lé ọ̀tá lórí. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń gùn ún. Nígbà tí a dókè, mo ka àwọn èèyàn mi. Mẹ́sàn-án.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo wo ẹnu géètì, mo wo inú bọ́ọ̀sì, mo ti ń ro ohun tí n óò sọ fún ọ̀gá mi. Yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ láyé ọjọ́un ni mo ti bá a. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ àárín òkúta méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe níbí?" Ohùn mi le.

"Wo bí wọ́n ṣe tò ó," ó ní. "Ilé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn kọ́ ní Sharjah, wọ́n ti wó o. Mo ní kí n fojú rí èyí tó ṣì dúró."

Síbẹ̀, mo gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi títí a fi balẹ̀ sí Dubai. Kò jà, kò bínú. Tìtìjú tìtìjú ni mo fi délé.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Mo mọ̀ pé ò ń ṣọ́ mi," ó ní. "Ìdí tí mi ò fi dágbére kí n tó yà sí yàrá ìsàlẹ̀ yẹn nìyẹn. O ò ní jẹ́ kí n lọ."